Bàtà Wo Ni Màá Fi Tẹ Pẹ́dà?

Kì í ṣe dúdú yìí. Rárá o. Ó dára lójú, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti gùn jù. Bí mo bá fi tẹ pẹ́dà, imú yẹn á gba abẹ́ pẹ́dà kọjá, á lọ há sára irin tó wà lẹ́yìn. Mo mọ̀. Ó ti há rí. Mo jókòó níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, mò ń fa ẹsẹ̀ bí ẹni tí ajá gbá ṣòkòtò rẹ̀ mú, àwọn kan tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ijó ni... Ká gbé dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Wọ́n ní mọ́tò máa wá gbé èmi àti jìtá kí ọjọ́ tó rọ̀. Jìtá ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú mi, mi ò tíì tú u sínú àpótí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tú u nígbà tí mi ò tíì mọ bàtà tí mo fẹ́ wọ̀? Àwọn tí kì í ta irú rẹ̀ ò lè mọ̀. Wọ́n á ní, "Bàtà kẹ̀? Ṣebí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ta jìtá." Ọwọ́ ni lóòótọ́. Tèmi yìí tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, mo máa ń jókòó tì í ni, irin roboto á máa yọ̀ lórí okùn lọ́wọ́ òsì mi, ọwọ́ ọ̀tún á máa ta á. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń mú un sunkún. Bí ẹsẹ̀ òsì bá tẹ pẹ́dà kan nínú àwọn irin ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ohùn okùn kan á gòkè. Bó bá tẹ ìkejì, okùn mìíràn á gòkè. Bí mo bá wá rọra yí ọrùn ẹsẹ̀ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì, ohùn méjèèjì á kọjá lára wọn bí ẹni méjì tó ń dágbére lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń nu ojú. Irin mìíràn wà fún orúnkún, pẹ́dà tó ń mú ohùn ròkè tàbí kó rẹlẹ̀ wà fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìyẹn ò ṣòro. Ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo wàhálà... bàtà ẹsẹ̀ òsì, ni mo fẹ́ sọ. Bàtà.

Kánfáàsì ńkọ́? Ó rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì, ó ń gbé orúnkún mi sókè, orúnkún á wá máa kan irin rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é, okùn á sì ṣì ohùn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbé ẹsẹ̀ jìtá sókè. Nígbà tí mo padà sí dúdú, mo tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo tún gbé e sókè. Bí jìtá bá lẹ́nu ni, á ti bi mí bóyá orí mi pé.

Ó tún wá fẹ̀. Kánfáàsì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń tẹ pẹ́dà méjì pọ̀. Òun ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí nínú gbọ̀ngàn kan tí a ti ṣeré. Orin jẹ́jẹ́ ni, orin tó yẹ kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ níparí ìlà kọ̀ọ̀kan kí ohùn lè wálẹ̀ sinmi. Mo sì gbé e kúrò. Mo... mo rò pé mo ti gbé e kúrò. Ohùn ò wálẹ̀. Ó so rọ̀ sókè níbẹ̀, ó kan, ó ń bá akọrin wa jà lẹ́nu. Akọrin yíjú padà wò mí. Kò yíjú wò mí rí látìgbà tá a ti ń ṣeré pọ̀, kò nídìí láti wò mí. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí pẹ́dà kejì, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé oúnjẹ ti tán.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló ṣe pẹ́dà yín?" Onílù ló bi mí nígbà tí orin parí.

"Bàtà ni."

"Bàtà tún ni?"

Gbogbo ẹgbẹ́ eléré wa bú sẹ́rìn-ín. Onílù ló kọ́kọ́ pè mí ní Alábàtà, látọjọ́ náà orúkọ ọ̀hún ti mọ́ mi lára. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń palẹ̀mọ́, akọrin wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi o, Bọ̀ọ̀dá. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ níbi eré tó ń bọ̀, màá ní kí onídùùrù máa ta apá tiyín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi yín ṣẹ̀sín." Eré tó ń bọ̀ nìyí. Òní ni. Dùùrù! Dùùrù ń ké, mo gbà, ṣùgbọ́n kò lè sunkún. Kò lè yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sórí òmíràn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé yìí, ibẹ̀ ló wà, láàrin méjì yẹn. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni màá máa jí ṣe?

Nítorí náà, ká fara balẹ̀. Bàtà wo?

Bí àwọn bàtà mi àtijọ́ yẹn bá wà ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn pupa rúsúrúsú yẹn. Awọ wọn ti rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́, ìsàlẹ̀ wọn ti jẹ dé ibi tó fẹ́lẹ́, wọ́n ga díẹ̀ ní gìgísẹ̀, ìwọ̀n tí gìgísẹ̀ mi fi lè jókòó sílẹ̀ kí ọrùn ẹsẹ̀ sì máa yí. Mo lè wà nínú òkùnkùn kí n mọ etí pẹ́dà yìí yàtọ̀ sí etí ìyẹn. Bí ọwọ́ ni ẹsẹ̀ mi ṣe ń ṣe nínú wọn. Àní títí di... títí di ìgbà wo? Títí ìyàwó mi fi jù wọ́n nù ni. Àbí... Nígbà òjò tó kọjá, ṣé mo ṣì ń mọ etí pẹ́dà? Mo rántí pé mo máa ń tẹ orí ba láti wo ìsàlẹ̀. Mo máa ń yọjú wo ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ó dáa, ta ni kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀? Iná ibi tí a ti ń dánra wò ò dára nígbà yẹn. Iná ni.

Ó jù wọ́n nù láìbi mí. Mo dé, mo wo abẹ́ àga, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní, "Bàtà mi dà?" Ó ní, "Mo ti jù wọ́n nù," bí ẹni tó ń sọ pé òun ti pa iná ìta. "Ìṣó kan ti gún un wọlé láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ inú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ o! Ẹ sì ń wọ̀ ọ́ jáde wọlé." Mo ní ìṣó wo? Mo ní bí ìṣó bá wà nínú bàtà mi, ṣé ẹsẹ̀ mi ò ní sọ fún mi ni? Ó tẹjú mọ́ mi. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Baálé mi, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà." Mo ní, "Dókítà ti wá ń rán bàtà ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ì bá dúró síbẹ̀. Ẹnu mi yìí. Mo ní ó ti pẹ́ tó ti ń jowú jìtá mi, mo ní jìtá ni orogún rẹ̀, ó sì ti rí ibi tó máa ti gbẹ̀san. Obìnrin tó jẹ́ pé òun ló máa ń bá mi gbé apá kan àpótí jìtá yìí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bá mi gbé e. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Látìgbà náà, ohun tó bá pọn dandan nìkan ló ń bá mi sọ. "Oúnjẹ wà lórí tábìlì." "Omi ti gbóná." Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yẹ̀yẹ́ yẹn ni mo fi ń gbé ilé yìí.

Ó wà ní yàrá kejì báyìí. Mò ń gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń kan tábìlì. Ẹ̀wù tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi eré ló ń lọ̀. Mo pe jìtá ní orogún rẹ̀, òun ló tún ń lọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ jókòó ti orogún náà. Mo fẹ́ lọ bá a. Mo fẹ́ ní... kí ni mo fẹ́ ní? Ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ bàtà tí mo fẹ́ wọ̀. Bí eré òní bá dára, ara mi á balẹ̀, màá wá mọ bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́.

Èyí tí aránbàtà rán ló kù.

Mo ní kó bá mi rán irú àwọn àtijọ́ gẹ́lẹ́. Ó gbé páálí sílẹ̀, ó ní kí n tẹ ẹsẹ̀ lé e, ó mú pẹ́ńsù, ó yí ẹsẹ̀ mi ká. Bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ènìyàn nìyẹn, ó ní bí pẹ́ńsù bá dé ibi kòtò inú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí kì í fò, àwọn mìíràn á gbá a nípàá, obìnrin kan tiẹ̀ ti bọ́ lórí àga rí. Ó fi pẹ́ńsù kọjá níbẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó tún fi kọjá. "Ọ̀gá oníjìtá, ẹ̀yin ò tiẹ̀ mira! Ẹsẹ̀ akọni lẹ ní." Mo gbéra ga. Mo délé, mo tiẹ̀ fẹ́ sọ fún ìyàwó mi, mo wá rántí pé a ò jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ akọni.

Nígbà tí bàtà délẹ̀, mo wọ̀ ọ́, mo tẹ pẹ́dà, kò jọ ọ́. Bí ẹni tẹ ìrọ̀rí. Mo gbé e padà lọ. Ó fá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, kò jọ ọ́. Mo tún gbé e lọ, ó tún fá a. Ní ìgbẹ̀yìn, mo bú u níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní ojú àpá ò lè jọ ojú ara, mo ní kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Kò bú mi padà. Ó gbé bàtà náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, awọ náà tẹ̀ wọlé. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Bí mo bá tún fá a, awọ ti tán nìyẹn. Ẹsẹ̀ yín nìkan ló kù." Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, mi ò dágbére. Bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ báyìí, mo máa ń gba òdìkejì títì.

Mo ti wọ̀ ọ́ báyìí. Mo tẹ pẹ́dà. Ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí ṣì ni. Awọ tó fẹ́lẹ́ tó báyìí, tí mo lè fi ọwọ́ mọ ìrísí owó ẹyọ lábẹ́ rẹ̀... ó yẹ kí n...

Ẹsẹ̀ yín nìkan ló kù.

Ó dáa. Ó dáa náà. Mo bọ́ bàtà. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Kí ló dé tí mi ò ti dán èyí wò tẹ́lẹ̀? Ìtìjú ni. Àgbàlagbà kì í kàn jókòó láìwọ bàtà níwájú èrò. Àmọ́ bí ó bá dáa báyìí, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú nìkan, ta ló máa tẹ orí ba wo abẹ́ jìtá? Bóyá ohun tí mò ń wá kiri nìyí. Gbogbo owó tí mo ná, gbogbo èébú tí mo bú ènìyàn, bóyá kí n kàn bọ́ bàtà ni.

Irin ni pẹ́dà. Yàrá yìí kì í gbóná, irin á tutù, mo ti fún eyín pọ̀ dè é. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e.

Kò tutù.

Oòrùn ti ojú fèrèsé wọlé, ó ti lè mú un gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ó tutù bí omi inú àmù. Mo tún gbé ẹsẹ̀ lé e. Kò tutù. Ọwọ́ ní ó tutù. Ẹsẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Bóyá awọ ẹsẹ̀ mi ti le. Bí ènìyàn bá ń dàgbà, awọ ẹsẹ̀ á le, ìyẹn ò ṣàjèjì. Ká dán an wò dáadáa. Màá di ojú. Màá ta okùn kan, màá jẹ́ kó máa dún, màá wá rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màá sì mọ ìgbà tó bá kan pẹ́dà. Ọmọ kékeré lè ṣe é.

Mo di ojú. Mo ta á. Ó ń dún, ó gùn, ó mọ́. Díẹ̀díẹ̀. Kò tíì kàn án. Ó kù díẹ̀. Kò tíì—

Okùn gòkè.

Mo la ojú. Ẹsẹ̀ mi wà lórí pẹ́dà, ó ti tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Etí mi ló gbọ́ ọ. Etí mi ló wá sọ fún mi ibi tí ẹsẹ̀ mi wà.

Lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo di ojú, mo ta á, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀... ó gòkè. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gòkè. Nígbà tí etí bá fi máa gbọ́, ohùn ti jáde, ta ló sì lè dá ohùn padà sínú okùn? Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́? Mo fi ìyẹn náà kàn án. Òun ń gbọ́ díẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè, bí ẹni pé aṣọ wà láàrin.

Kì í ṣe bàtà.

Bàbá mi. Ọlọ́run mi, bàbá mi. Ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ kan, àwa ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà à ń ṣeré, bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tipẹ́tipẹ́, òun ò mọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta, ó ń rìn bọ̀ wá bá wa tẹ̀ríntẹ̀rín. A pariwo, "Bàbá, bàtà yín kan dà?" Ó wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ yẹn... ó yà á lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàtà ayé ìsinsìnyí ò dúró lẹ́sẹ̀!" A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi dùbúlẹ̀, tí wọ́n di aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ náà dé orúnkún, tí wọ́n ní kí àwa ọmọ má wọlé. Mo máa ń rántí òórùn yàrá yẹn. Mi ò fẹ́ rántí ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni, èmi náà ti ń rín irú rẹ̀ láàrin àwọn eléré, wọ́n ń pè mí ní Alábàtà, mò ń rín in.

Mo mọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé mo ti mọ̀. Bí kò bá ṣe pé mo mọ̀, kí ló dé tí mo fi bínú tó bẹ́ẹ̀ sí obìnrin tó rí ìṣó? Ó fi ẹ̀jẹ̀ hàn mí, mo fi orogún dá a lóhùn. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Aránbàtà fi pẹ́ńsù ha mí lẹ́sẹ̀, mi ò mira, mo gbà á ní oríyìn. Gbogbo àkókò tí mo fi ń gbé bàtà lọ gbé bàtà bọ̀, bó bá ṣe pé ilé ìwòsàn ni mo gbé ẹsẹ̀ yìí lọ... Wọ́n ní gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣe nǹkan ńlá ni. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú bàtà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àbámọ̀ sì kàn án.

Áyọ́ọ̀nù ti dákẹ́. Ìró ẹsẹ̀ ìyàwó mi ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sáré, wọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀, wọ èyí tó bá sún mọ́ ọ, sọ pé èyí ló dára jù, sọ pé... Rárá. Jókòó.

Ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀wù mi wà lápá rẹ̀. Ó wo àwọn bàtà tó fọ́n kálẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò wọ nǹkan kan. Mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mo ti tò ó, ó sì tú ká. Mo kàn na ẹsẹ̀ òsì sí i, bí ọmọdé tí ẹ̀gún gún. Ó fi ẹ̀wù náà kọ́ ẹ̀yìn àga, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára áyọ́ọ̀nù, ó ní láti gbóná. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, láti gìgísẹ̀ lọ sókè, jẹ́jẹ́, ó ń wo ojú mi bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ gbé ojú kúrò níbẹ̀. Bí mo bá gbé ojú kúrò, mi ò ní mọ̀ bóyá ó ṣì dì mí mú.